Bí ríìmù ọkọ̀ tí iyọ̀ òkun ti bà jẹ́ ṣe lè padà máa dán

Ẹni tó bá ń gbé ọkọ̀ sí etí òkun ní Àgbádárìgì kò ní í pẹ́ mọ̀ pé iyọ̀ kì í ṣe ti inú ọbẹ̀ nìkan. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ wá láti orí òkun Àtìláńtíìkì máa ń gbé iyọ̀ tí ojú kò rí dání, ara irin ló sì máa ń bà lé. Láti Àjárá títí dé Ṣẹ́mẹ̀, ríìmù wà lára ohun tó máa ń kọ́kọ́ jìyà rẹ̀, nítorí pé òun ló sún mọ́ omi àti iyanrìn jù. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ sì ti jẹ iyọ̀ wá láti Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, níbi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì lásìkò yìnyín.

Oríṣìí ríìmù méjì ló wọ́pọ̀. Ti irin máa ń dógùn-ún, á pọ́n. Ti álúmíníọ̀mù kì í pọ́n ní tirẹ̀. Ńṣe ló máa ń yọ funfun bí ẹfun, tí ihò wẹ́wẹ́ á sì máa lu ojú rẹ̀. Bí ìbàjẹ́ yìí bá dé ibi tí táyà ti fara ti ríìmù, atẹ́gùn á máa jò díẹ̀díẹ̀. Táyà tí atẹ́gùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ máa ń gbóná lórí eré, ó sì lè bẹ́. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà fi ju ti ẹ̀ṣọ́ lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é nílé gbọ́dọ̀ gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ó fi òkúta ti àwọn táyà yòókù, kí ó sì dẹ nọ́ọ̀tì díẹ̀ kí ó tó fi jáàkì gbé ọkọ̀. Kò gbọ́dọ̀ fi ọkọ̀ sílẹ̀ lórí jáàkì nìkan. Kí ó fi ọṣẹ àti omi fọ ríìmù náà nígbà tó bá tutù, kí ó sì yẹ̀ ẹ́ wò tinú tẹ̀yìn. Èyí tó bá ti sán, dídán kò lè wò ó sàn. Kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ ni.

Bí ọ̀dà tó mọ́ gara bá ti ń ṣí lára ríìmù álúmíníọ̀mù, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń ṣí ọ̀dà ni wọ́n máa ń lò, ní ìta gbangba, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti awò ojú. Lẹ́yìn náà ni sáńpépà olómi: 400, 600, 800, 1000, títí dé 2000. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni sáńpépà ń kúnná sí i. Kí wọ́n má fo ọ̀kankan, nítorí èyí tó tẹ̀ lé e ló ń pa ojú ọgbẹ́ ti iṣáájú rẹ́. Ọṣẹ ìdánrin àti aṣọ rírọ̀ ló máa parí rẹ̀. Ojú ihò nọ́ọ̀tì kò ní kí wọ́n ha. Ní ti ríìmù irin, búrọ́ọ̀ṣì onírin ni wọ́n fi ń ha ìdógùn-ún kúrò, kí wọ́n tó kùn ún lọ́dà.

Àwọn kan máa ń lo kọsítíìkì sódà. Èyí kò dára rárá, nítorí pé ó ń jẹ álúmíníọ̀mù, ó sì ń tú háídírójìn, gáàsì tó ń tètè gbaná, jáde. Kànrìnkàn onírin náà máa ń fi èérún irin sílẹ̀ sí ojú álúmíníọ̀mù, èérún yìí á sì dógùn-ún níbẹ̀.

Álúmíníọ̀mù tí wọ́n dán láìbò kì í pẹ́ ṣú létí òkun. Kí wọ́n kùn ún ní ọ̀dà gara tàbí kí wọ́n máa fi ìda pa á lára láti ìgbà dé ìgbà, kí wọ́n sì máa fi omi tí kò níyọ̀ ṣàn án lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bí wọ́n bá dá ríìmù padà, kí wọ́n máa dè nọ́ọ̀tì ní ìdojúkọ ara wọn, kí wọ́n sì tún un dè lẹ́yìn ìrìn 50 sí 100 kìlómítà.