Kí Ló Dé Tí Ajá Mi Kò Tíì Lè Wọ Lọ́ńdọ̀nù?

Ìtàn tòní kan ẹnikẹ́ni tó ń múra láti jápa, tó sì ní ajá nílé.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ara mi. Mo ní ajá kan, Tanímọ̀la lorúkọ rẹ̀. Bàbá mi ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ mọ àwọn àgbà wa, wọ́n máa ń fi orúkọ ajá bá aládùúgbò sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo rí ilé-ẹ̀kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni físà mi fi jáde. Mo rò pé ti Tanímọ̀la náà kò ní pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àṣé mi ò mọ nǹkan kan. Oṣù Kẹsàn-án pé, mo wọ bàálù, ajá mi sì dúró sọ́dọ̀ màmá mi n'Íbàdàn. Ìgbà yẹn ni mo wá ń wádìí: ta ló ṣe òfin yìí, kí sì ni wọ́n ń bẹ̀rù?

Dìgbòlugi ni wọ́n ń bẹ̀rù. Àwa náà mọ̀ ọ́n dáadáa. Láti kékeré ni wọ́n ti ń kìlọ̀ fún wa pé ká sá fún ajá dìgbòlugi. Inú itọ́ ẹranko ni àrùn náà ń gbà wọ ara ẹni tó bá gé jẹ. Bí ẹni náà kò bá tètè gba abẹ́rẹ́, tí àmì àìsàn sì ti yọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ń bọ́ níbẹ̀. Èyí tó tún burú ni pé kì í tètè fara hàn. Ajá lè gbé e sára fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan, kó máa jẹun, kó máa jùrù, kí ẹnikẹ́ni má fura. Ẹ di ọ̀rọ̀ yìí mú, torí òun ni gbòǹgbò ìtàn yìí.

Ní nǹkan bí 130 ọdún sẹ́yìn, dìgbòlugi wà nígboro Lọ́ńdọ̀nù fúnra rẹ̀. Lóòótọ́, ní ọjọ́ 6 Oṣù Keje 1885, Louis Pasteur ti fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan, Joseph Meister, ní abẹ́rẹ́ ní Paris, ọmọ náà sì yè. Ṣùgbọ́n ajá fúnra rẹ̀ ni ìjọba Ìlú Ọba dojú kọ. Ní 1897, Walter Long, tí ètò ọ̀gbìn wà níkàáwọ́ rẹ̀, pàṣẹ pé kí wọ́n máa de ajá lẹ́nu ní àwọn àgbègbè tí àrùn náà wà. Àwọn tó fẹ́ràn ajá bú u títí, kò yí ohùn padà. Lọ́dún yẹn kan náà, òfin jáde lórí ajá tó ń ti òkè òkun bọ̀. Nígbà tó fi máa di 1901, oṣù mẹ́fà gbáko ni irú ajá bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ lò ní àhámọ́, lábẹ́ ojú dókítà ẹranko. Ní 1902, dìgbòlugi tán nílẹ̀ wọn.

Ogun Àgbáyé Kìíní wá dé. Àwọn ọmọ ogun tó ń padà bọ̀ wá sílé ń gbé ajá pamọ́ wọlé, àrùn náà sì tún bẹ́ sílẹ̀ ní Plymouth ní 1918. Ó di 1922 kí wọ́n tó rí i lé lọ. Láti ìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó tún lè sọ fún wọn pé oṣù mẹ́fà ti pọ̀ jù.

Òfin náà kò mọ olówó, kò mọ gbajúmọ̀. Ní 1968, Elizabeth Taylor, òṣèré fíìmù, àti ọkọ rẹ̀ Richard Burton háyà ọkọ̀ ojú omi kan sórí odò Thames, kí àwọn ajá wọn lè máa gbé inú rẹ̀ láìfẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ajá wọlé, kò wọlé! Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ajá kan tó ti Jámánì dé parí oṣù mẹ́fà rẹ̀, wọ́n dá a sílẹ̀, ó dé Camberley, kò pẹ́ tí dìgbòlugi fi yọ lára rẹ̀. Ẹ ò rí i pé àìsàn yìí mọ ìfarapamọ́.

Ohun tó yí ọ̀ràn padà ni ìmọ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ti dára sí i, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sì lè fi hàn bóyá ó ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ 28 Oṣù Kejì 2000, wọ́n ṣílẹ̀kùn fún ajá àti ológbò láti àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù kan, láìsí àhámọ́. Ṣùgbọ́n ajá tó bá ti Èkó tàbí Ìbàdàn bọ̀ ṣì ń ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tirẹ̀ títí ọdún 2011 fi parí. Ní 1 Oṣù Kìíní 2012 ni ọ̀nà là fún tiwa.

Ọ̀nà là, ṣùgbọ́n ó ní ètò. Wọ́n á kọ́kọ́ fi máíkíróṣíìpù, tí kò ju hóró ìrẹsì lọ, sábẹ́ awọ ajá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Ó kéré tán, ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn abẹ́rẹ́, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò. Láti ọjọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ náà, bí èsì bá dára, ẹ óò dúró oṣù mẹ́ta. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ń fi hàn pé abẹ́rẹ́ jẹ́. Oṣù mẹ́ta wà nítorí ajá tó ṣeé ṣe kó ti kó àrùn náà kó tó gba abẹ́rẹ́. Ṣé ẹ rí i? Àhámọ́ àtijọ́ náà ni, ilé la ti ń ṣe é báyìí, ajá ò sì mọ̀ pé òun wà ní àhámọ́.

Ibi tí mo ti ṣubú nìyí. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fún Tanímọ̀la, kí wọ́n tó fi chip sí i. Abẹ́rẹ́ tó bá ṣáájú chip, òfin ò kà á, torí kò sí ẹ̀rí pé ajá yìí gan-an ló gbà á. A tún abẹ́rẹ́ gbà, a bẹ̀rẹ̀ kíkà láti oókan.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n wá ẹni tó máa bá wa tún déètì inú ìwé kọ. Mo rántí àwọn ọmọ ogun 1918, mo ní rárá. Bí ìwé kò bá bára mu, wọ́n lè há ajá mọ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́rin tàbí kí wọ́n dá a padà, owó mi ni wọ́n á sì fi ṣe é. Èmi ò sì fẹ́ jẹ́ ẹni tó gbé dìgbòlugi wọ ìlú onílùú.

Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, màmá mi máa ń pè mí lórí WhatsApp. Tí Tanímọ̀la bá gbóhùn mi, á lọ máa wò mí lẹ́yìn fóònù. Ó ku ọjọ́ 29.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń retí físà, ẹ má dúró dè é. Ẹ lọ fi chip sára ajá yín lọ́sẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ tó fún un lábẹ́rẹ́. Bí ìrìn-àjò náà kò bá tilẹ̀ bọ́ sí i, ajá yín ti bọ́ lọ́wọ́ dìgbòlugi, ẹ̀yin náà ti bọ́.

Ó dìgbà kan ná.