Roy Lichtenstein: Ọkùnrin Tó Sọ Àwòrán Kọ́míìkì Di Àpéwò

Bí ẹ bá ti ka ìwé kọ́míìkì rí, ẹ ó mọ irú àwòrán tí mò ń sọ: bàlúù tó ń yìnbọn, ọmọge tó ń sunkún, ọ̀rọ̀ tó wà nínú róbótó lókè orí. Roy Lichtenstein ló gbà á lọ́wọ́ ọmọdé, tó gbé e kọ́ sára ògiri àwọn olówó.

New York ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1923, ibẹ̀ náà ló kú sí lọ́dún 1997. Olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ní yunifásítì ni, ó sì ti pé ọmọ ọdún 37 kó tó ya Look Mickey lọ́dún 1961: Donald Duck ń pẹja, ìwọ̀ kọ́ ọ láṣọ lẹ́yìn, ó rò pé ẹja ńlá ni! Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti ra gbogbo iṣẹ́ tó kó lọ sí gálárì Leo Castelli kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn àfihàn. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ni inú wọn dùn ṣá. Ìwé ìròyìn Life béèrè lọ́dún 1964 bóyá òun kọ́ ni ayàwòrán tó burú jù ní Amẹ́ríkà.

Báwo ló ṣe ń ṣe é? Á mú ojú àwòrán kan ṣoṣo, á fi ọwọ́ yà á ní kékeré, á fi ẹ̀rọ gbé òjìji rẹ̀ sórí kánfáàsì ńlá, á wá máa tẹ̀ lé ìlà rẹ̀, á sì máa yí i padà bó ṣe wù ú. Àmì tótòtó tí àwọn atẹ̀wé ń lò kí yíǹkì má baà náni lówó jù, òun ń fi ọ̀dà kùn ún gba ojú páànù oníhò.

Ibi tó ti ń dùn mí rèé. Whaam! ti ọdún 1963, tó fẹ̀ tó mítà 4, tí Tate ní Lọ́ńdọ̀nù rà lọ́dún 1966, ojú àwòrán kan tí Irv Novick yà ló ti mú un. Tony Abruzzo ló kọ́kọ́ ya ọmọbìnrin inú Drowning Girl. Lichtenstein gé ọ̀rẹ́kùnrin ọmọ náà kúrò, ó yí orúkọ rẹ̀ láti Mal sí Brad, ó jẹ́ kí omi gba gbogbo ojú àwòrán. Lójú tèmi, iṣẹ́ gidi nìyẹn, mi ò ní pè é lólè. Àmọ́ kí ló dé tí kò dárúkọ wọn?

Lọ́dún 2015, Nurse, tí òun náà ti inú kọ́míìkì wá, lé ní mílíọ̀nù 95 dọ́là ní Christie's. Iye ojú ìwé tí ayàwòrán kọ́míìkì bá yà ni wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún un nígbà náà, ó parí. Sẹ́ǹtì 12 ni wọ́n ń ta ìwé náà.