Bí fídíò inú kásẹ́ẹ̀tì kámẹ́rà ṣe ń dé orí kọ̀ǹpútà

Ìdílé ọmọ Èjìgbò ní Abidjan tí ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú òbí rẹ̀ ṣì wà lórí kásẹ́ẹ̀tì MiniDV, irú èyí tó jáde lọ́dún 1995, kò gbọ́dọ̀ fi falẹ̀: ooru àti ọ̀rinrin etí ọ̀sà Ébrié lè mú kí kásẹ́ẹ̀tì bu.

Okùn FireWire ló ń gbé fídíò náà jáde bó ṣe wà gan-an; USB ara ọ̀pọ̀ kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ kò wà ju fún fọ́tò tàbí àwòrán tí kò mọ́ dáadáa. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó ní ihò FireWire wúlò níhìn-ín ju tuntun lọ. Kásẹ́ẹ̀tì wákàtí kan yóò gba wákàtí kan gbáko, yóò sì gba ààyè bíi gígábáìtì 13. Kí ẹ̀dà kan wà ní Abidjan, kí òmíràn wà ní Èjìgbò.