Àṣẹ́kù Kì í Ṣe Àjẹkù

Nígbà tí oníṣègùn bá ti fi oògùn líle kọlu jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, tí ó ti fa ìyá sẹ́ẹ̀lì ẹlòmíràn sí aláìsàn lára, tí irúgbìn àlejò náà sì ti fúnra rẹ̀ mọ̀nà dé inú mùdùnmúdùn egungun, tí ó ta gbòǹgbò, tí ó ń bí ẹ̀jẹ̀ tuntun, ìgbà náà gan-an ni iṣẹ́ ẹni tí ń wá orúkọ fún nǹkan ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Kí ni a ó pe àrùn tí ó lè fara pamọ́ síbẹ̀? “Àjẹkù” ni ó kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu, nítorí pé jíjẹ ni a ti mọ jẹjẹrẹ mọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀jẹun fi sílẹ̀ ni àjẹkù, àwọn àgbà sì ní òun ni a fi ń mọ ayó. Èyí tí à ń wí yìí kò yó rí, ọ̀jẹun fúnra rẹ̀ ni ó ṣẹ́kù. “Àṣẹ́kù” ni mo mú. Àwọn onímọ̀ ti kọ́kọ́ fi “kékeré” kún orúkọ rẹ̀, kí ọ̀pọ̀ wọn tó yí i sí “èyí tí ó ṣeé wọ̀n”, wọ́n sì ṣe é re: bí iná kò bá tán lórí, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná, iná ìbáà ṣe ẹyọ kan.

Orúkọ jíìnì tí a fi ń dá àṣẹ́kù náà mọ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀. Ní 1960, Peter Nowell àti David Hungerford rí krómósóòmù kúkurú kan ní Philadelphia nínú irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan. Ní 1973, Janet Rowley fi hàn pé krómósóòmù 9 àti 22 ni ó gba ègé ara wọn. Oríkèé tí wọ́n ti so pọ̀ ni mo pè ní “ilà”, nítorí pé gbogbo ọmọ tí sẹ́ẹ̀lì burúkú náà bá bí ni ó ń gbé e wáyé (tiwa a máa dúró de olóólà, èyí kò dúró de ẹnikẹ́ni). Àyẹ̀wò tí a fi ń wá àṣẹ́kù a máa ṣe àdàkọ ilà yìí: ẹyọ kan a di méjì, méjì a di mẹ́rin, tí ó bá fi di ìgbà ọgbọ̀n, ó ti lé ní bílíọ̀nù kan. Ìdí nìyẹn tí ó fi lè rí sẹ́ẹ̀lì 1 láàárín 100,000.

Èsì ni ó wá le jù. Bí ẹ̀rọ kò bá rí ilà, ọ̀pọ̀ ògbufọ̀ a kọ ọ́ pé “kò sí mọ́”. Ìyá tí ó bá ka gbólóhùn yẹn nínú ìwé ọmọ rẹ̀ yóò pa àgbò ọpẹ́, yóò sì gbàgbé ọjọ́ tí wọ́n ní kí ó tún mú un wá. Bẹ́ẹ̀, àìrí kì í ṣe àìsí, sẹ́ẹ̀lì 1 láàárín mílíọ̀nù ṣì lè jókòó sí kọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ń túmọ̀ ìwé ilé ìwòsàn, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ ọ́ báyìí: “A kò rí àṣẹ́kù nínú ẹ̀jẹ̀ tí a gbà lónìí.” Kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí a ó tún gbà á sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.