Nọ́ọ̀sì àti Ìtọ́jú Eyín Ọmọdé

Ní Nàìjíríà, nọ́ọ̀sì ló sábà máa ń kọ́kọ́ láǹfààní láti rí eyín ọmọ, kì í ṣe oníṣègùn eyín. Eyín àkọ́kọ́ máa ń yọ ní nǹkan bí oṣù 6. Bí ọmọ bá fi máa pé ọdún 3, gbogbo eyín ọmọdé, tí í ṣe 20, ti wà lẹ́nu rẹ̀. Láàárín àsìkò yìí ni ìyá ń gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ èéyi, ti oṣù 9 àti ti oṣù 15. Ní ti oníṣègùn eyín, ìlú ńláńlá ni púpọ̀ nínú wọn wà, ọ̀pọ̀ òbí kì í sì í dé ọ̀dọ̀ wọn àfi tí ọmọ kò bá rí oorun sùn mọ́. Ìdí nìyí tí wíwo ẹnu ọmọ fi yẹ kó di ara iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ sórí ìwọ̀n.

Ohun tí a ń pè ní kòkòrò eyín kì í ṣe ìdin. Àwọn kòkòrò àìfojúrí ló ń jẹ àdídùn tó lẹ̀ mọ́ eyín, tí wọ́n sì ń tu oje kíkan tó ń mú kí eyín jẹrà. Kó tó di ihò, ìlà funfun bí ẹfun ló máa kọ́kọ́ hàn lẹ́bàá èrìgì, lára eyín iwájú lókè, ẹni tí kò bá sì fi àtàǹpàkò ká ètè ọmọ sókè kò lè rí i. Níbi tó dé yìí, ó ṣì ṣeé dá dúró: kí ìyá má fi fídà aládìídùn sọ́mọ lẹ́nu sùn, kó sì máa fi ọṣẹ ìfọyín tó ní fúlóráìdì, tí kò ju hóró ìrẹsì kan lọ, fọ eyín náà láàárọ̀ àti lálẹ́.

Àwọn kan á ní eyín tó máa já bọ́ náà ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èyí tó kẹ́yìn nínú wọn kì í já títí ọmọ á fi tó nǹkan bí ọdún 11 tàbí 12, eyín tó ń ro ọmọ kì í sì í jẹ́ kó jẹun. Ní nǹkan bí ọdún 6, eyín ńlá tuntun á yọ lẹ́yìn àwọn ti tẹ́lẹ̀ láìjẹ́ pé eyín kankan já; òbí á rò pé ti ọmọdé ni, bẹ́ẹ̀ títí ayé ló wà fún. Àtakò pé iṣẹ́ ti pọ̀ jù lọ́rùn nọ́ọ̀sì ló wúwo jù, mi ò sì fojú kéré rẹ̀. Àmọ́ kíká ètè sókè kò gba ìṣẹ́jú kan. Ìmọ̀ràn nọ́ọ̀sì tún ń gba ẹ̀mí là. “Eyín ló ń yọ” ni wọ́n máa ń sọ bí ọmọ bá ń ya ìgbẹ́ gbuuru tàbí tí ara rẹ̀ gbóná gan-an, tí àìsàn gidi á sì máa bá a jà lọ. Láàárín 2008 sí 2009, oògùn olómi kan tí wọ́n ń tà fún eyín yíyọ, tí èròjà olóró wà nínú rẹ̀, pa ọmọ tó lé ní 80 ní Nàìjíríà. Ìyá tó bá ń gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ oṣù 9, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní kí nọ́ọ̀sì bá yín wo ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú.