Uwe Krupp

Uwe Krupp (ọjọ́ìbí 24 Oṣù Kẹfà 1965) jẹ́ agbáhọ́kì orí yìnyín tẹ́lẹ̀rí àti akọ́nimọ̀ọ́gbá ọmọ orílẹ̀-èdè Jámánì. Ìlú Cologne ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ni ó sì ti kọ́ eré náà. Láàárín 1986 sí 2003, ó gbá ìdíje 729 nínú líìgì National Hockey League, tí a mọ̀ sí NHL, ní Amẹ́ríkà Àríwá. Ó gbá góòlù 69 sáwọ̀n nínú àwọn ìdíje náà, ó sì ṣe ìrànwọ́ fún góòlù 212. Òun ni agbáhọ́kì àkọ́kọ́ tí ó kọ́ eré náà ní Jámánì tí ó sì gba Ife-ẹ̀yẹ Stanley, ife tí ẹgbẹ́ tó bá borí nínú NHL máa ń gbà. Góòlù kan ṣoṣo tí ó parí àṣekágbá ọdún 1996 fún ẹgbẹ́ Colorado Avalanche, ọwọ́ Krupp ni ó ti wá.

Eré náà àti ipò rẹ̀

Họ́kì orí yìnyín jẹ́ eré tí ẹgbẹ́ méjì máa ń fi bàtà tí irin mímú wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gbá lórí pápá tí omi dídì bò. Ènìyàn 6 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ń ní lórí pápá lẹ́ẹ̀kan náà: aṣọ́lé 1, àwọn tó ń gbá ẹ̀yìn 2 àti àwọn tó ń gbá iwájú 3. Ọ̀pá gígùn ni wọ́n fi ń gbá rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ kan tí ó rí róbótó, kí ó lè wọ inú àwọ̀n. Ìṣẹ́jú 60 ni ìdíje kan, wọ́n sì pín in sí ìpele 3. Bí ọ̀mì bá wáyé nínú ìdíje tí ife wà lórí rẹ̀ nínú NHL, wọn yóò máa fi ìpele àfikún oníṣẹ̀ẹ́jú 20 kún un títí ẹgbẹ́ kan yóò fi gbá góòlù wọlé. Góòlù àkọ́kọ́ tó bá wọlé ni ó máa ń parí rẹ̀.

Ẹ̀yìn ni Krupp máa ń gbá. Ó ga tó mítà 1.98, gíga yìí sì wúlò fún un púpọ̀ láti dí ọ̀nà mọ́ àwọn alátakò. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò mọ sí dídènà nìkan. Ó tún máa ń gbá rọ́bà náà pẹ̀lú agbára láti ọ̀nà jíjìn, ìyẹn láti ẹ̀bá ilà tí ó pààlà sí agbègbè alátakò. Irú ìgbá bẹ́ẹ̀ ni ó sọ orúkọ rẹ̀ di ohun tí a kò gbàgbé.

Ìbẹ̀rẹ̀ ní Cologne

Ẹgbẹ́ Kölner EC ní ìlú ìbí rẹ̀ ni Krupp ti bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àgbà agbáhọ́kì ní 1982, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 17. Ẹgbẹ́ náà wà lára àwọn alágbára ní Ìwọ̀-oòrùn Jámánì ní àkókò yẹn, Krupp sì bá wọn gba ife líìgì orílẹ̀-èdè ní 1984 àti 1986.

Ní 1983, ẹgbẹ́ Buffalo Sabres yàn án nínú ètò ọdọọdún tí àwọn ẹgbẹ́ NHL fi ń pín àwọn ọ̀dọ́ eléré láàárín ara wọn. Ìpele kọkànlá ni wọ́n tó dárúkọ rẹ̀, òun sì ni ẹni 214 tí a yàn lọ́dún náà. Ẹni tí a bá yàn ní irú ipò bẹ́ẹ̀ kì í sábà dé NHL rárá. Ní àkókò náà, àwọn ará Kánádà ni ó pọ̀ jùlọ nínú líìgì náà, àwọn ará Amẹ́ríkà, Swídìn àti Fínlándì sì tẹ̀lé wọn. Agbáhọ́kì tó wá láti inú líìgì Jámánì ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Scotty Bowman, tí ó jẹ́ alákòóso àgbà Buffalo nígbà náà, ni wọ́n yàn án lábẹ́ rẹ̀. Orúkọ ọkùnrin yìí yóò tún padà wọ inú ìtàn Krupp lẹ́ẹ̀mejì.

Buffalo àti New York

Krupp kò lọ sí Amẹ́ríkà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọdún 3 ni ó tún fi gbá ní Cologne kí ó tó darapọ̀ mọ́ Buffalo ní 1986. Sáà àkọ́kọ́ kò rọrùn, nítorí pé pápá NHL kéré ju ti Yúróòpù lọ, ìforígbárí ibẹ̀ sì le ju èyí tó ti mọ̀ lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni ó fi di ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ gbẹ́kẹ̀ lé. Sáà 1990–91 ni ó ta yọ jùlọ níbẹ̀: ó gbá góòlù 12, wọ́n sì yàn án láti kópa nínú ìdíje àwọn ìràwọ̀ NHL tí ó wáyé ní Chicago ní 1991.

Ní Oṣù Kẹwàá 1991, Buffalo àti New York Islanders ṣe pàṣípààrọ̀ ńlá kan. Krupp, Pierre Turgeon, Benoit Hogue àti Dave McLlwain lọ sí New York, Pat LaFontaine sì wà lára àwọn tó gba ibẹ̀ lọ sí Buffalo. Ní 1993, àwọn Islanders ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí: wọ́n lé Pittsburgh Penguins, tí ó ti gba ife náà lẹ́ẹ̀mejì léra wọn, kúrò nínú ìdíje, wọ́n sì dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá kí Montréal tó borí wọn.

Québec, Colorado àti orúnkún tó fara pa

Ní 1994, Krupp lọ sí ẹgbẹ́ Quebec Nordiques ní Kánádà. Ìjà láàárín àwọn onílé-iṣẹ́ àti àwọn eléré dá líìgì dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà 1994–95, Krupp sì padà sí Jámánì fún ìgbà díẹ̀ láti gbá fún ẹgbẹ́ ìlú Landshut. Lẹ́yìn sáà náà, wọ́n ta ẹgbẹ́ Québec, wọ́n sì kó o lọ sí ìlú Denver ní ìpínlẹ̀ Colorado. Níbẹ̀ ni ó ti gba orúkọ tuntun, Colorado Avalanche.

Nínú ìdíje àkọ́kọ́ tí Avalanche gbá ní Oṣù Kẹwàá 1995, iṣan orúnkún Krupp já. Irú ìpalára bẹ́ẹ̀ máa ń gba gbogbo sáà kan lọ́wọ́ eléré, ó sì ti dá iṣẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ dúró pátápátá. Bí Krupp ṣe ń tọ́jú ara rẹ̀, ẹgbẹ́ náà ń lágbára sí i. Wọ́n gba aṣọ́lé Patrick Roy láti Montréal ní Oṣù Kejìlá, Joe Sakic tí ó jẹ́ balógun wọn sì ń gbá góòlù léraléra. Nígbà tí Krupp fi padà, ìdíje díẹ̀ ni ó ṣẹ́kù kí sáà parí: ìdíje 6 péré ni ó gbá nínú líìgì lọ́dún náà. Síbẹ̀, kò sí èyí tó pàdánù nínú ìdíje 22 tí ẹgbẹ́ rẹ̀ gbá lọ́nà ibi ife náà. Wọ́n borí Vancouver, Chicago àti Detroit, ẹgbẹ́ tí Scotty Bowman kan náà ń kọ́ nígbà náà, kí wọ́n tó dé àṣekágbá.

Góòlù ọdún 1996

Florida Panthers, ẹgbẹ́ tí ó wà nínú sáà kẹta péré láti ìgbà tí a dá a sílẹ̀, ni Colorado bá pàdé ní àṣekágbá. Ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ borí lẹ́ẹ̀mẹrin ni yóò gba ife. Colorado ti borí lẹ́ẹ̀mẹta nígbà tí wọ́n dé Miami fún ìdíje kẹrin ní 10 Oṣù Kẹfà 1996. Àwọn olólùfẹ́ Florida ti sọ ọ́ di àṣà lọ́dún náà láti máa ju eku oníke sórí yìnyín bí ẹgbẹ́ wọn bá ti gbá góòlù, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ wọn kò gbá góòlù kankan lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ìṣẹ́jú 60 parí láìsí góòlù. Ìpele àfikún àkọ́kọ́ parí láìsí góòlù, èkejì náà sì parí bẹ́ẹ̀. Patrick Roy mú rọ́bà 63 tí Florida gbá sí i, John Vanbiesbrouck tí ó ń ṣọ́ àwọ̀n Florida náà kò sì jẹ́ kí èyíkéyìí wọlé. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ti fẹ́ mọ́ díẹ̀, nítorí aago 12 òru ti kọjá, nígbà tí rọ́bà náà dé iwájú Krupp lápá ọ̀tún ní ẹ̀bá ilà agbègbè Florida. Ó gbá a láti ibẹ̀, ó gba àárín àwọn ènìyàn tó dí ojú àwọ̀n kọjá, ó sì wọlé. Ìṣẹ́jú 4 àti ìṣísẹ̀ àáyá 31 ti kọjá nínú ìpele àfikún kẹta. Ìyẹn ni pé ìṣẹ́jú 104 àti ìṣísẹ̀ àáyá 31 ni wọ́n fi gbá kí a tó rí góòlù kan ṣoṣo.

Góòlù náà fún Denver ní ife àkọ́kọ́ tí ìlú náà gbà nínú àwọn líìgì ńlá Amẹ́ríkà. Ní Jámánì, níbi tí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ti gba gbogbo ojú ìwé ìròyìn, ó jẹ́ kí a rí i pé ọmọ tí a kọ́ nílé lè gbá dé ibi tó ga jùlọ nínú eré náà.

Detroit, Atlanta àti òpin eré

Ní 1998, Krupp bọ́ sí ọ̀dọ̀ Detroit Red Wings, ó sì tún bá Bowman pàdé. Àdéhùn ọdún 4 ni wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ìdíje 22 péré ni ó sì gbá ní sáà àkọ́kọ́. Èdèkòyédè ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà láàárín òun àti ẹgbẹ́ náà. Krupp fẹ́ràn eré ìje tí ajá máa ń fa ọkọ̀ lórí yìnyín; ẹgbẹ́ náà sọ pé kò yẹ kí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn kópa nínú irú rẹ̀, wọ́n sì dáwọ́ owó rẹ̀ dúró. Ó ju ọdún méjì lọ tí kò fi gbá. Ó padà nínú sáà 2001–02, ó gbá ìdíje 8 nínú líìgì, Detroit sì gba Ife-ẹ̀yẹ Stanley ní 2002. Sáà tó tẹ̀lé e, ó gbá ìdíje 4 fún Atlanta Thrashers, ó sì fi eré sílẹ̀.

Iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá

Ní òpin 2005, wọ́n fi Krupp ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá ikọ̀ orílẹ̀-èdè Jámánì. Àkókò náà le, nítorí pé Jámánì ti já sí ìpele kejì nínú ìdíje àgbáyé lọ́dún náà. Ní 2006, ikọ̀ rẹ̀ borí nínú ìpele kejì náà, wọ́n sì padà sí àárín àwọn àgbà. Ṣùgbọ́n ní 2009 wọ́n tún ṣe ipò 15 nínú ikọ̀ 16. Ohun kan ṣoṣo tí kò jẹ́ kí wọ́n já ni pé Jámánì ni yóò gba àlejò ìdíje àgbáyé ní 2010, ẹni tó bá sì gba àlejò kì í já.

Ikọ̀ tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ lé jáde yìí ni ó ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu lọ́dún kejì. Ní 7 Oṣù Karùn-ún 2010, wọ́n gbá ìdíje ìṣíde pẹ̀lú Amẹ́ríkà nínú pápá bọ́ọ̀lù ìlú Gelsenkirchen. Èrò 77,803 ni ó wá, èyí tí ó pọ̀ ju ti ìdíje họ́kì orí yìnyín èyíkéyìí ṣáájú rẹ̀ lọ. Jámánì borí pẹ̀lú 2–1 nínú àfikún àkókò. Wọ́n tún borí Swítsàlandì pẹ̀lú 1–0 láti dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá, Rọ́ṣíà sì borí wọn pẹ̀lú 2–1 ní Cologne, ìlú Krupp gan-an. Ipò kẹrin ni wọ́n ṣe, èyí tí ó dára jùlọ láti 1953. Aṣọ́lé wọn, Dennis Endras, ni wọ́n yàn gẹ́gẹ́ bí eléré tó ta yọ jùlọ nínú ìdíje náà. Ní 2011, ikọ̀ Krupp borí Rọ́ṣíà pẹ̀lú 2–0 nínú ìdíje àgbáyé ní Bratislava, lẹ́yìn èyí ni ó fi ipò náà sílẹ̀.

Ó padà sí Cologne láti kọ́ Kölner Haie, ẹgbẹ́ tó ti bẹ̀rẹ̀, ó sì mú wọn dé àṣekágbá líìgì Jámánì ní 2013 àti 2014, ṣùgbọ́n wọn kò gba ife. Lẹ́yìn náà ó kọ́ Eisbären Berlin, tí wọ́n dé àṣekágbá ní 2018, àti Sparta Praha ní orílẹ̀-èdè Czech. Láti 2020 sí 2023, ó tún wà ní Cologne.

Ipa rẹ̀

Ní 2017, àjọ họ́kì orí yìnyín àgbáyé fi orúkọ Krupp sínú Gbọ̀ngàn Ọlá wọn, lọ́dún kan náà pẹ̀lú Joe Sakic, balógun rẹ̀ ní Colorado. Ọmọ rẹ̀, Björn Krupp, náà di agbáhọ́kì ipò ẹ̀yìn, ó sì wà nínú ikọ̀ Jámánì tó gba àmì-ẹ̀yẹ fàdákà ní Òlímpíkì 2018.

Ọdún 15 kọjá lẹ́yìn góòlù Miami kí ọmọ Jámánì mìíràn, Dennis Seidenberg, tó kópa nínú gbígba Ife-ẹ̀yẹ Stanley pẹ̀lú Boston ní 2011. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Tom Kühnhackl, Philipp Grubauer àti Nico Sturm tẹ̀lé. Ní 2020, Leon Draisaitl di ọmọ Jámánì àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn gẹ́gẹ́ bí eléré tó ṣe pàtàkì jùlọ nínú NHL. Ìlú Cologne ni wọ́n bí òun náà sí, ní Oṣù Kẹwàá 1995, oṣù kan náà tí orúnkún Krupp fara pa ní Denver.