Bí A Ṣe Ń Pín Iṣẹ́ fún Ẹgbẹẹgbẹ̀rún Kọ̀ǹpútà

Ọ̀rọ̀ pínpín ìṣirò láàárín ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dé. Lọ́dún 1922, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Lewis Fry Richardson, kọ̀wé lórí bí a ṣe lè fi ìṣirò mọ bí ojú ọjọ́ yóò ti rí. Ó fọkàn ro gbọ̀ngàn kan tí 64,000 ènìyàn jókòó sí, tí oníkálukú ń ṣírò fún apá tirẹ̀ nínú ayé, tó sì ń gba èsì lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀. Ọ̀gá wọn ń tan iná búlúù sí àwọn tó ń falẹ̀, ó ń tan iná pupa fẹ́ẹ́rẹ́ sí àwọn tó ti ṣáájú jù, nítorí bí ẹnì kan bá pẹ́, gbogbo ilé ni yóò dúró dè é.

Àmọ́ onígun mẹ́rin tó tò létòlétò ni Richardson gé ayé sí. Apá ọkọ̀ òfurufú kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1956, Turner, Clough, Martin àti Topp fi hàn pé a lè gé e sí onígun mẹ́ta kéékèèké, bí àwọ̀n. Ojú àwọ̀n náà kì í dọ́gba: ibi tí agbára ti ń pọ̀ ni a ti ń sọ ọ́ di wẹ́wẹ́.

Báwo ni a ó ṣe wá pín irú àwọ̀n bẹ́ẹ̀? Ẹni tó bá ti ṣe àáró rí mọ̀ pé iye ebè ni à ń kà fún oníkálukú, kì í ṣe bí ilẹ̀ ti fẹ̀ tó. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ kì í bi aládùúgbò rẹ̀ ní nǹkan kó tó kọ ebè tó kàn. Kọ̀ǹpútà ń bi í, ìbéèrè náà sì ń jẹ àkókò. Nítorí náà, ìpín gbọ́dọ̀ dọ́gba, kí ààlà sì kúrú.

Lọ́dún 1970, Kernighan àti Lin kọ́ wa láti máa ṣe pàṣípààrọ̀ lẹ́bàá ààlà títí yóò fi kúrú sí i. Ọgbọ́n gidi ni, ṣùgbọ́n ó lọ́ra lórí àwọ̀n ńlá. Hendrickson àti Leland ní Sandia, lẹ́yìn wọn Karypis àti Kumar ní Yunifásítì Minnesota, wá ọ̀nà mìíràn láàárín ọdún 1990 sí 1999: wọ́n ń so ojú àwọ̀n méjì-méjì pọ̀ títí àwọ̀n yóò fi kéré, wọ́n á pín èyí tó kéré náà, wọ́n á tún tú u padà díẹ̀díẹ̀, wọ́n á sì máa tún ààlà ṣe bí wọ́n ti ń tú u. METIS, ètò kọ̀ǹpútà tí Karypis àti Kumar ṣe, ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ títí dòní.

Èyí tó ṣì le ni àwọ̀n tó ń yí padà bí ìṣirò ti ń lọ, bí ìgbà tí irin bá ń sán. Ìpín tó dọ́gba láàárọ̀ lè má dọ́gba mọ́ lọ́sàn-án, a ó sì tún un pín láì dá iṣẹ́ dúró pẹ́.